Orí Ọba Tó Gbé Ìkòkò Ọbẹ̀ Wa

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Aggrey,
Pọtakọ́tì,
Ìpínlẹ̀ Rivers.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969.

Falilat mi, ọ̀rẹ́ tí a jọ fi igbá kan mu omi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ṣàfíù ńkọ́? Ṣàfíù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí o ní ó ń wú ti fi í sílẹ̀? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí? Mo kí yín kú ìpalẹ̀mọ́ ààwẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ gbà á láyọ̀, kí ẹ sì parí rẹ̀ láyọ̀. Mo kí ọ kú òjò tó kẹ́yìn, mo kí ọ kú ìtọ́jú ilé. Ìkíni tó yẹ kí n fi ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni ti Ìyá Àgbà mi, tí o ń bá mi tọ́jú láti ọjọ́ tí a ti kó wá síbí. Ẹ̀yìn ni mo fi í sí. Bí o bá ka ìwé yìí dé ìparí, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá Sólómọ́nì ń lọ sí báńkì, ó ń bọ̀, orí ń fọ́ ọ, ó ń kùn. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ọmọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta nínú yàrá kan, àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé wọ̀ fún odidi ọdún kan nítorí ogun. Iyọ̀ ti ń wọ ọjà díẹ̀díẹ̀. Àwọn sójà ṣì ń dá ọkọ̀ dúró ní gbogbo oríta, kí ilẹ̀ tó ṣú, oníkálukú ti wọlé. Sólómọ́nì ti ga sí i, ṣùgbọ́n Yorùbá ń sá lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í láàárọ̀ yìí pé kí ló fẹ́ jẹ, ó ní, "Mama, anything wey dey." Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì bàjẹ́.

Ilé tí báńkì fi wá sí yìí, ẹlòmíràn ló ni ín. Ó ti bá ogun lọ, òun àti ìyàwó àti ọmọ, a ò mọ ibi tí wọ́n wà. Àwòrán rẹ̀ ni a bá lára ògiri pálọ̀, àwòrán ńlá tí wọ́n fi dígí bò: baba kan tó dé fìlà pupa, ó jókòó sórí àga gíga, ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kó dé, Bàbá Sólómọ́nì gbé òkèlè, ó gbójú sókè, ó sọ òkèlè náà padà sínú àwo. Ó ní òun kò lè máa jẹun lójú onílé. Ó dìde, ó yí àwòrán náà dojú kọ ògiri. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwòrán yìí wà lọ́kàn rẹ, mo ń bọ̀ wá bá a.

Ìwé rẹ dé ní ọjọ́rú. Bí mo ti ń ṣí i ni ìwé ìròyìn tí o ká sínú rẹ̀ já bọ́ sórí itan mi.

Falilat, n kò ní parọ́ fún ọ: mo jowú. Kì í ṣe owú kékeré. Owú tó gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu mi ni. Mo rí ọ nínú fọ́tò tí o dúró ti orí ọba náà, orí amọ̀ tí o rí nínú ààrò Ìyá Àgbà mi, o gbé ọwọ́ lé tábìlì bí ìyàwó tuntun, o ń rẹ́rìn-ín, eji rẹ hàn kedere. Ìró tí o ró ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èyí tí mo ní kí o bá mi tọ́jú títí a ó fi padà dé? Mo gba awò ojú Bàbá Sólómọ́nì, mo fi wò ó dáadáa. Òun ni. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé, "Arábìnrin Falilat Làtífù, ẹni tó rí orí ọba náà." O tún fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ. Ìlà méjì! Ṣé o rò pé ojú mi ti fọ́ ni?

Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, mo ń wá orúkọ mi. Kò sí níbẹ̀. Mo wá ti Ìyá Àgbà. Ohun tí wọ́n kọ ni "ìyá arúgbó kan." Ẹni tó fi ọgọ́rin ọdún ó lé dáná nídìí ààrò yẹn ni wọ́n ń pè ní ìyá arúgbó kan! Ààrò ta ni? Ilé ìdáná ta ni? Èmi ni orí yẹn gbé ìkòkò fún láti ìgbà tí mo ti ń rá. Ó gbé iṣu iyán mi, ó gbé àgbo tí wọ́n fi wẹ̀ mí. Ẹni tó wá tún ògiri ṣe ló wá di ẹni tó rí i.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ yìí kò dára. O ṣàlàyé fún mi bó ti ṣẹlẹ̀: òjò oṣù Keje wó ògiri ilé ìdáná, ìwọ lo gbé ọkọ́ lọ, ìwọ lo po amọ̀, ìwọ lo tú ààrò kí o lè rí ìdí ògiri rẹ́. Òkúta méjì jẹ́ òkúta lásán. Ẹ̀kẹta fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ, inú rẹ̀ sì ṣófo. O gbé e lọ sídìí omi, o fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ẹyinjú méjì sì jáde láti inú èédú, ó ń wò ọ́. O ní o kúnlẹ̀ láìmọ̀. Ibẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á.

Àbúrò ọkọ rẹ tó ń bá àwọn tó ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ṣiṣẹ́ ló pe Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, ọ̀mọ̀wé tó ń kọ ìwé lórí ère àtijọ́. O ní wọ́n fi òwú wé e bí ọmọ tuntun kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀. O ní wọ́n fún Ìyá Àgbà ní sítóòfù oníkẹrosíìnì dípò òkúta ààrò tí wọ́n gbé, pé ìyá ní ọbẹ̀ orí sítóòfù ń rùn bí àtùpà, wọ́n ti fi òkúta mìíràn tún ààrò wọn tò, wọ́n sì ti sọ sítóòfù di ibi tí wọ́n ń gbé àpò iyọ̀ lé. Ìyẹn nìkan ló pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo ìwé rẹ.

Mo ka ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà sọ, ó sì yé mi, èmi náà kàwé díẹ̀. Ó ní orí náà yóò tó ẹgbẹ̀ta ọdún. Ó ní kí a wo adé tó yí i ká, kí a wo ìlẹ̀kẹ̀ tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ ní ìpele ìpele, kí a wo ìlà wẹ́wẹ́ tó ti iwájú orí sọ̀kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Pé ìlú tí ebi ń pa kò lè bọ́ oníṣẹ́ ọnà tí yóò fi oṣù méjì mọ ètè kan ṣoṣo. Pé kí amọ̀ tó lè rí bẹ́ẹ̀, ọba kan ti ní láti wà tó ní oko, tó ní ọjà, tó ní ẹ̀ṣọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dé ọ̀nà jíjìn. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo tilẹ̀ na ọrùn díẹ̀ níbi tí mo jókòó sí, pé ọba ló ń gbé ìkòkò wa.

Ṣùgbọ́n ó kù. Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà ní iná jó ọba náà níwájú, ó jó o lẹ́yìn, imú rẹ̀ sì ti ké lápá kan. Nítorí náà, ogun ló jà. Ọ̀tá wọ ààfin, wọ́n sun ún, wọ́n fi idà gé imú ère ọba kí àṣẹ má bàa sí lórí ìtẹ́ náà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń rú u lójú ni pé etí méjèèjì mọ́ tónítóní, èéfín kankan kò kàn wọ́n. Ó ní òun yóò sọ̀rọ̀ ogun náà níwájú àwọn ọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé ní oṣù Kejìlá, kí òun tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àti pé ìwọ, Falilat, ni yóò jókòó sórí àga iwájú. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà yìí, ìwọ ni ẹwà náà bù sí.

Mo jágbe mọ́ Bàbá Sólómọ́nì nítorí ṣíbí. Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, mo jókòó, mo kọ ìwé sí oníwèé ìròyìn náà. Mo ní ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ kọ́ ló ni ààrò, pé ará ilé kejì ni, pé ọmọ ilé gan-an ń bẹ ní Pọtakọ́tì, ó sì ní fọ́tò tirẹ̀ tó dára. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́, Falilat. Mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, mo lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Ó kù kí n fi í ránṣẹ́.

Lánàá, Ibiere yà wá kí mi. Òun ni olùkọ́ kíláàsì kejì, ọmọ Buguma ni, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Ìwé ìròyìn yẹn wà lórí tábìlì, ó mú un, ó ń wò ó. Mo rò pé mo rí ẹni tí màá fọ́nnu sí lára. Mo sọ fún un pé, "Na my grandmama fireplace be that. E carry our pot."

Ó gbójú sókè. "Una put pot for king head?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ti ilé wọn ní Buguma. Ó ní ère igi kan wà nínú gbọ̀ngàn baba ńlá àwọn: olórí ilé jókòó láàárín, ó tóbi gan-an, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kéékèèké lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi, tó ni ìbọn, tó ni ènìyàn, òun ni wọ́n gbẹ́ tó tóbi. Ó ní, "Him face dey look door. E must see who dey enter. If person wan thief that house, na that face e go first turn."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ojú rẹ̀ lọ sára ògiri wa. Ẹ̀yìn àwòrán onílé ló ń wò, pákó àti ìṣó. Ó bi mí pé, "Who turn that one?"

Mo ní ọkọ mi ni, pé kò lè jẹun bí baba náà bá ń wò ó.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Ibiere. Ó ní, "My sister, person wey turn face, e get wetin e no want make dem see." Ó mu omi tó kù nínú ife rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Falilat, kò sí ogun kankan tó jó orí yẹn. Èmi ni.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wá nígbà náà, ìwọ àti èmi. Ṣé o rántí pé ẹ̀yìn ààrò ni Ìyá Àgbà ń to igi sí, ní igun tó ṣókùnkùn? Àgbà kò lè wọ ibẹ̀. Ọmọdé lè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo máa ń rá lọ síbẹ̀ tí ọbẹ̀ bá ti ń hó, màá na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, màá ṣí ìkòkò, màá mú ẹran. Ní ọjọ́ kan, iná ràn dé igun, mo sì rí i. Ojú ló wà lára òkúta ààrò kẹta. Igun igi ló kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níbi iná, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i rí. Ó ń wò mí, ẹran wà lọ́wọ́ mi. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ti mọ orúkọ mi tipẹ́. N kò tíì rí ojú tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi títí di òní.

Ẹ̀rù bà mí pé yóò sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Ìyá Àgbà ti lọ sóko, tí ààrò sì tutù, mo gbá a mọ́ra, mo fẹ́ yí i. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi imú gbá ọlọ. Idà ọ̀tá tí Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà ń sọ nìyẹn, ọlọ ata ni. Mo ju èérún imú náà sórí ààtàn. Mo gbé ọba dìde, mo yí ojú rẹ̀ sí ibi tí iná yóò máa jó, kí ó má bàa rí mi mọ́; èédú sì bò ó kí ẹnikẹ́ni tó kíyè sí i. Èyí ló fà á tí ẹ̀yìn fi dúdú láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wa, tí iwájú fi dúdú láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, tí etí méjèèjì kò sì mọ èéfín. Ààfin tó bá jó kì í yọ etí sílẹ̀.

Ó tún kù, èyí ló sì nira jù láti kọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Àgbà mọ̀ pé ẹran ń dín nínú ìkòkò. Alaalẹ́ ni ìyá rẹ ń rán ọ wá fọnná nílé wa. Ìwọ ni wọ́n fura sí. Wọ́n ní ọmọ tó wá fọnná kì í pẹ́ nídìí ààrò, pé kí ni ìwọ ń dúró ṣe? Wọ́n lé ọ, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ilé ìdáná wọn mọ́. O wò mí kí n sọ̀rọ̀. Mo dúró síbẹ̀, ẹran há sí mi léyín, n kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà lo ń dúró sí tí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, títí o fi lọ sílé ọkọ. Ẹni tí wọ́n sì lé nídìí ààrò yẹn ló padà wá po amọ̀ nígbà tó wó, tí èmi ọmọ ilé ń bẹ ní Pọtakọ́tì.

Ṣé o wá rí i pé owú tí mo ń jẹ kì í ṣe ti fọ́tò nìkan? Èmi ni ojú yẹn kọ́kọ́ rí. Mo rí ọba, mo yí i sínú iná. Ìwọ rí i, o kúnlẹ̀, o pe ènìyàn. Bí mo bá ní kí n má jowú rẹ, ọkàn mi kò gbọ́. Mo ṣì ń jowú bí mo ti ń kọ èyí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo bẹ̀ ọ́, lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà kí oṣù Kejìlá tó dé. Sọ fún un pé kí ó fi adé sílẹ̀ bó ti wà, kí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi agbára ọba sílẹ̀, gbogbo ìyẹn ni mo fi ojú ara mi rí lórí rẹ̀. Ogun nìkan ni kí ó yọ kúrò. Ìlú tí a wà yìí ti jẹ́ kí n mọ ohun tí ogun jẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ dá òmíràn sílẹ̀ nítorí ẹran ìkòkò. Mo mọ̀ pé bí ogun bá kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n lè máà gbé àga iwájú fún ọ mọ́. Jókòó síbẹ̀ bí wọ́n bá gbé e. Ó tọ́ sí ọ.

Kí o tó lọ bá a, ka ìwé yìí sí Ìyá Àgbà létí. Kà á sókè, má fo ibì kan, pàápàá ibi ẹran. Bí wọ́n bá bú mi, bá mi gbọ́ ọ délẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o wọlé wá jókòó, ìdí ààrò ni kí o jókòó sí.

Ìwé tí mo kọ sí oníwèé ìròyìn, mo ti fi dáná láàárọ̀ yìí kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé, mo gun àga, mo yí baba onílé padà kí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fi aṣọ nu dígí rẹ̀. Kíṣìnnì ni Bàbá Sólómọ́nì gbé àwo rẹ̀ lọ.

Bá mi kí Bàbá Ṣàfíù, bá mi kí ìyá rẹ, kí o bá mi kí gbogbo ilé. Ti Ìyá Àgbà tí mo fi sẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ìwé yìí tán ni kí o tó bá mi kí wọn. Ìró yẹn, máa ró o lọ, ó yẹ ọ́ jù mí lọ, bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ ọ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ẹni tó sun ojú ọba níná sínú ìwé ìròyìn, má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé "ọmọdé kan." Orúkọ mi ni kí o pè fún wọn. Bó bá sì jáde, fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ tèmi náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Tìrẹ ni mo jẹ́, tòwú tòwú,

Rẹ̀mí Adébíyìí
(Ìyá Sólómọ́nì)